Ẹ Má Tíì Po Sìmẹ́ńtì Yẹn O: Ohun Tí Ògiri Ilé Àgùdà Ń Ṣe Tí Ojú Ò Rí

Tí ẹ bá ti rìn gba Kakawa, Bamgbose tàbí àyíká Campos Square kọjá rí l'Ékòó, ẹ ti rí wọn: ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tó ní fèrèsé onípákó gígùn gbọọrọ, òdòdó tí wọ́n fọwọ́ mọ sórí ilẹ̀kùn, gíláàsì aláwọ̀ mèremère tó rí bí ààbọ̀ òṣùpá. Ògiri ti ń ṣí, ọ̀dà ti ń jábọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lẹ ó ti rí èyí tí wọ́n ti "tún ṣe". Wọ́n ti ha ògiri, wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ látòkè délẹ̀, fèrèsé ti di alumíníọ̀mù tí à ń tì sọ́tùn-ún sósì, òdòdó orí ilẹ̀kùn ti wọ ilẹ̀ lọ. Ó mọ́, ó ń dán. Ẹ wá fún un ní òjò ọdún méjì mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìsàlẹ̀ ògiri tuntun yẹn ló máa kọ́kọ́ rin, tí ọ̀dà rẹ̀ á máa lé ròrò bí ara ẹni tí omi gbígbóná dà lé.

Kí ló fà á? Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì, torí ó ti ná ọ̀pọ̀ ìdílé lówó gọbọi, ó sì ti pa ilé tí ọjọ́ ikú rẹ̀ ò tíì pé.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló tì mí sọ́rọ̀ náà. Àgùdà ni bàbá bàbá rẹ̀. Ẹbí gbé òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì ilé wọn fún un, yàrá méjì àti pálọ̀ kan tó kọjú sí títì, wọ́n ní kó tún un ṣe kó máa gbébẹ̀. Bíríkìlà tó wá wò ó ní kí wọ́n ha gbogbo ògiri, kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, kí wọ́n da kọnkéré sórí pákó ilẹ̀ kí wọ́n sì lẹ táìlì mọ́ ọn, kí wọ́n yọ fèrèsé, kí wọ́n fi POP ṣe àjà. Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, tí ń gbé ìsàlẹ̀, kọ̀ jálẹ̀: "Ẹ ò ní fọwọ́ kan fèrèsé bàbá mi." Ọ̀rẹ́ mi bá pè mí torí kẹ́mísírì ni mò ń ṣe másítà lé lórí. Ó ní kí n wá dájọ́. Mo ní èmi kì í ṣe mọlémọlé o, àmọ́ mo mọ ohun tí omi àti iyọ̀ máa ń ṣe fún ohunkóhun tó bá ní ihò wẹ́wẹ́ nínú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ilé tí à ń sọ. Àwọn Àgùdà ni àwọn èèyàn wa tí wọ́n ti oko ẹrú padà wálé láti Brazil (àwọn kan láti Cuba), pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Màlé ní Bahia ní 1835, tí ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti gba òmìnira. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kọ́ṣẹ́ mọlémọlé, gbẹ́nàgbẹ́nà àti télọ̀. Nígbà tí wọ́n dé Èkó, Àgbádárìgì àti Pọ́tọ̀nóvò, wọ́n kọ́ irú ilé tí wọ́n ti ń kọ́ ní Bahia. Irú pẹ́tẹ́ẹ̀sì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní sobrado lọ́hùn-ún. Tí ẹ bá fẹ́ rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn, ẹ lọ wo mọ́sálásí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, tàbí Water House ìdílé da Rocha ní Kakawa.

Ògiri irú ilé yìí sábà máa ń jẹ́ amọ̀ pupa tàbí bíríkì sísun, ó sì nípọn gan-an. Wọ́n á wá fi láìmù rẹ́ ẹ. (Kì í ṣe láìmù tí à ń fún sínú ẹja tútù o. Èyí tí à ń sọ ni ìyẹ̀fun funfun tó ń ti ara òkúta ẹfun tàbí ìkarahun inú òkun sísun jáde.) Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn, torí ògiri bẹ́ẹ̀ kì í lé omi. Ṣe ló ń gba omi wọlé, tó sì ń jẹ́ kó jáde.

Ẹ mú ṣúgà St. Louis kan. Ẹ fi etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kan tíì, kẹ́ ẹ má tẹ̀ ẹ́ bọ̀ ọ́ o, kó ṣáà kàn án. Ẹ máa rí i tí tíì náà á gun ṣúgà lọ sókè fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tì í. Ihò wẹ́wẹ́ tó wà láàárín hóró ṣúgà ló fà á, torí omi fẹ́ràn láti lẹ̀ mọ́ ara ohun tó yí i ká, ó sì tún ń fa ara rẹ̀ lọ́wọ́. Bí ihò bá ṣe kéré tó ni omi á ṣe gòkè tó. Tí ihò kan bá fẹ̀ tó ìdá kan nínú àádọ́ta mìlímítà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ìṣirò fi hàn pé omi lè gun un dé nǹkan bíi mítà kan àbọ̀. Ihò inú amọ̀ àti bíríkì wà ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn tilẹ̀ kéré jù ú lọ.

Ẹ wá ro Ìsàlẹ̀ Èkó. Erékùṣù ni. Tí ẹ bá gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀, omi ti yọ. Òkun àti ọ̀sà ló yí i ká, nítorí náà omi inú ilẹ̀ ní iyọ̀ nínú. Omi yìí ń gun ògiri gbogbo ilé àtijọ́ tí kò ní rọ́bà tàbí nǹkan mìíràn lábẹ́ tó lè dá a dúró, láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ wọn. Kò wó wọn. Ìdí ni pé bí omi ṣe ń gòkè ló ń jáde lára ògiri, tí afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ. Ohun tó wọlé àti ohun tó jáde ń bára wọn dọ́gba.

Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kì í gbé iyọ̀. Níbi tí omi bá ti gbẹ ni iyọ̀ máa kù sí, hóró rẹ̀ á sì máa tóbi nínú ihò wẹ́wẹ́ náà títí tí yóò fi fẹ́ ihò ọ̀hún ya. Ìyẹn ni ìyẹ̀fun funfun tí ẹ máa ń rí lára ògiri, tí ẹlòmíì ń rò pé èbu ni. Ibo wá ni iyọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ibi rẹ̀? Lára ògiri tí wọ́n fi láìmù rẹ́, inú láìmù ọ̀hún ni. Láìmù ló ń jìyà. Á máa jábọ́ díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn ọdún mélòó kan wọ́n á tún un rẹ́, ògiri fúnra rẹ̀ ò mọ nǹkan kan. Ọ̀dà tó ń ṣí yẹn tí à ń wò bí àbùkù, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́.

Nísinsin yìí, ẹ wọ ògiri náà lẹ́wù sìmẹ́ńtì. Sìmẹ́ńtì le, ihò inú rẹ̀ kéré, omi ò lè tètè gba inú rẹ̀ jáde. Omi tó ń bọ̀ látilẹ̀ ò sì dúró. Kò rí ọ̀nà jáde ní ìsàlẹ̀, ó di dandan kó gòkè sí i kó lè wá ibòmíì jáde. Èyí tí kò rí ọ̀nà rárá á jókòó sẹ́yìn sìmẹ́ńtì, iyọ̀ á máa kóra jọ síbẹ̀, láàárín sìmẹ́ńtì àti amọ̀. Amọ̀ tó bá sì rin fún ìgbà pípẹ́ á rọ̀. Gbogbo ẹni tó ti fi amọ̀ ṣeré lọ́mọdé mọ èyí. Lójú, ògiri dúró digbí. Ẹ fi ìka kàn án kó-kó-kó, ẹ ó gbọ́ tó ń dún bí ìgbá òfìfo: ìpele sìmẹ́ńtì ti yà kúrò lára amọ̀, ó kàn ń gbé ara rẹ̀ dúró ni.

Àwọn kan á ní ṣé sìmẹ́ńtì wá burú ni? Rárá o. Láti ìgbà tí Joseph Aspdin ti gba ìwé àṣẹ lórí Portland cement ní England ní 1824, ó ti kọ́ ìlú. Ilé búlọ́ọ̀kù tí ẹ̀ ń gbé yẹn, òun ló tọ́ sí i. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ó le ju amọ̀ lọ. Nígbà tí oòrùn bá mú ògiri tí òjò sì tún rọ̀, ògiri àtijọ́ á wú díẹ̀, á sún díẹ̀. Sìmẹ́ńtì ò mọ bí a ṣe ń sún. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ ya, èyí tó rọ̀ ló sì máa ń ya, ìyẹn ògiri. Àwọn tó mọ iṣẹ́ àtúnṣe ilé àtijọ́ kárí ayé gbà báyìí: ohun tí a fi tún ògiri ṣe gbọ́dọ̀ rọ̀ ju ògiri lọ, kí ohun tó bá máa bàjẹ́ lè jẹ́ èyí tó rọrùn láti pààrọ̀. Ẹ fi jíìnsì lẹ aṣọ tó ti gbó, ẹ̀yin náà ẹ mọ ibi tó ti máa ya.

Láìmù yàtọ̀. Kẹ́mísírì rẹ̀ wà lára àwọn tí mo fẹ́ràn jù, torí ó ń yí po bí kẹ̀kẹ́. Ẹ sun òkúta ẹfun, CaCO₃, nínú iná tó tó nǹkan bíi 900 dígíríì. Carbon dioxide inú rẹ̀ á jáde, á ku CaO. Ẹ da omi lé e: á hó, á gbóná, á wú, á di Ca(OH)₂. Ẹ po ìyẹn mọ́ yanrìn, ẹ fi rẹ́ ògiri. Láti ọjọ́ náà lọ, á máa fa carbon dioxide padà látinú afẹ́fẹ́, díẹ̀díẹ̀, láti ìta lọ sí inú, títí tí yóò fi tún di CaCO₃. Òkúta tí ẹ sun ló tún padà di òkúta lára ògiri yín. Kódà, tí ògiri bá sán wẹ́wẹ́, omi òjò á yọ́ díẹ̀ nínú Ca(OH)₂ tí kò tíì di òkúta, á gbé e wọ ojú ìsán náà, níbẹ̀ lòun náà á ti di òkúta tí á sì dí i. Kò lè dí ìsán ńlá o. Àmọ́ sìmẹ́ńtì tó ti gbó kì í fi bẹ́ẹ̀ rí irú oore bẹ́ẹ̀ ṣe.

Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí tán lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì ọjọ́ náà, mo rò pé bíríkìlà máa bínú. Ó dákẹ́, ó ní, "Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, amọ̀ ló ń pò láti fi dí amọ̀. Àwa la ní ìyẹn ti di iṣẹ́ ará oko." Òun gan-an ló wá ní kí wọ́n fi ògiri yàrá ẹ̀yìn dán an wò ná.

Kẹ́ ẹ tó dá owó fún ẹnikẹ́ni, ẹ mọ irú ògiri tẹ́ ẹ ní. Kì í ṣe gbogbo ilé tó bá jọ ti Àgùdà ni wọ́n fi láìmù rẹ́. Àwọn tí wọ́n kọ́ nígbà tí sìmẹ́ńtì òkè òkun ti wọ́pọ̀ ní èèbúté wa lè jẹ́ sìmẹ́ńtì látilẹ̀wá, tòdòdò tọ̀nà ọwọ́. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ha ibi kọ́lọ́fín kan. Láìmù á tú bí ìyẹ̀fun, sìmẹ́ńtì á kọ̀, á kàn dá ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sára. Ẹ wọ́n omi sí i: láìmù àti amọ̀ á fà á mu kíá, ti sìmẹ́ńtì á ṣàn wálẹ̀. Mo ti rí àwọn tó ń sọ pé kí a da ọtí kíkan sí i, pé tó bá hó, láìmù ni. Ẹ má tẹ̀ lé wọn. Sìmẹ́ńtì náà máa ń hó, torí CaCO₃ wà nínú tòun náà.

Níbo la ti ń rí láìmù? Ibi tí wọ́n ti máa rẹ́ yín jẹ nìyí, ẹ fara balẹ̀. Láìmù tí àwọn àgbẹ̀ ń dà sóko kì í ṣe òun. Òkúta ẹfun tí wọ́n lọ̀ lásán ni, wọn ò sun ún, kò lè di nǹkan kan mú. Ẹ pò ó mọ́ yanrìn di ọdún tó ń bọ̀, yanrìn náà ni yóò jẹ́. Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ ni Ca(OH)₂, irú èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń sọ omi di mímọ́ máa ń rà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọgbà àwọn wẹ́dà á ti rí ẹrọ̀fọ̀ funfun tí wọ́n ń dà nù lẹ́yìn tí wọ́n bá lo kábáìdì tán. Ca(OH)₂ ni ìyẹn náà, torí kábáìdì àti omi ló bí gáàsì tí wọ́n fi ń jó irin, ẹrọ̀fọ̀ yẹn ló sì kù sílẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé a ń dà á sí gọ́tà. Ṣùgbọ́n mi ò ní kẹ́ ẹ lọ bù ú rẹ́ pálọ̀ o. Kábáìdì tí kò tíì jó tán lè wà nínú rẹ̀, gáàsì rẹ̀ sì ń gbiná, ìdọ̀tí mìíràn sì lè bá a rìn.

Láìmù kì í ṣe eré. Ó lè jó ojú debi ìfọ́jú, ó sì ń jẹ awọ ara. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ wọ awò tó bo ojú, ẹ gbé omi mímọ́ sítòsí. Ẹni tó bá sì ra CaO tí kò tíì rí omi, kó má da omi lé e lórí lẹ́ẹ̀kan nínú ike. Ooru rẹ̀ lè yọ́ ike náà.

Ohun kejì ni sùúrù. Sìmẹ́ńtì á gbà yín láyè láti kun ọ̀dà láìpẹ́. Láìmù ń fẹ́ kí ara rẹ̀ rin díẹ̀ kó tó lè fa carbon dioxide, torí inú omi ni iṣẹ́ yẹn ti ń ṣẹlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń ṣe é lásìkò ọyẹ́, ẹ fi àpò ọ̀dẹ̀rẹ̀ tó rin bò ó, ẹ máa wọ́n omi sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á kàn gbẹ, kò ní di òkúta. Ìpele tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni kẹ́ ẹ sì máa rẹ́ ẹ. Ògiri yàrá ẹ̀yìn yẹn gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìpele mẹ́ta. Ọ̀rẹ́ mi ráhùn títí. Tó bá ti gbẹ, ẹ má wá fi ọ̀dà olóròóró tó ń dán bò ó, torí ìyẹn náà rọ́bà ni. Ọ̀dà láìmù ló dára jù fún un.

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ yìí ò níyì tí omi bá ń jò látòkè. Páànù tó lu, gọ́tà tó dí, páìpù ilé ìwẹ̀ tó ń kán sínú ògiri, ìyẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ẹ tún wo ìta. Títì Èkó ti ga sí i láti ọgọ́rùn-ún ọdún wá, bí wọ́n ṣe ń da ọ̀dà lé ọ̀dà, débi pé ilẹ̀ ìta àwọn ilé kan ti ga ju ilẹ̀ inú lọ. Ògiri bẹ́ẹ̀ ń wẹ̀ nínú òjò láti ẹ̀gbẹ́.

Ó kan ilẹ̀ òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì, ibi tí ẹ̀rù ti bà mí jù. Pákó ni ilẹ̀ òkè àwọn ilé wọ̀nyí, lórí ìtì igi tí wọ́n tì bọ ògiri lọ́tùn-ún lósì. Ìrókò ni ọ̀pọ̀. Ohun tí kì í jẹ́ kí ikán tètè jẹ ìrókò ni pé inú igi náà ní kẹ́míkà tirẹ̀, bíi èyí tí wọ́n ń pè ní chlorophorin, tí kòkòrò àti olú ò fẹ́. Ìtì igi lágbára fún iṣẹ́ tí wọ́n gbé e lé lórí: èèyàn, bẹ́ẹ̀dì, àpótí. Wọn ò ṣírò kọnkéré mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ́. Yàrá tó jẹ́ mítà mẹ́rin níbùú lóròó, tẹ́ ẹ bá da kọnkéré tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí i, ó lé ní tọ́ọ̀nù kan àbọ̀, a ò tíì ka táìlì. Ó wúwo ju ọkọ̀ Corolla kan lọ. Ta ló máa gbé Corolla sí yàrá òkè? Tánńkì omi 1,000 lítà náà, tọ́ọ̀nù kan gééré ni tó bá kún. Ibi tí orí ìtì igi ti wọ inú ògiri ló sì máa ń kọ́kọ́ jẹrà, pàápàá tí sìmẹ́ńtì bá ti há omi mọ́ ògiri yẹn. Tẹ́ ẹ bá so méjèèjì pọ̀, ẹ ó rí ohun tí mò ń wí.

Mi ò ní tan yín jẹ pé nítorí a fẹ́ tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ká wá máa gbé nínú ewu. Ilé tó wó ní Ìta Fájì ní oṣù kẹta ọdún 2019, ọmọ ilé ìwé ló wà nínú rẹ̀. Ẹ pe ẹnjiníà tó mọ̀ nípa bí ilé ṣe ń dúró kó wá wo ìtì igi àti ògiri kẹ́ ẹ tó gbé ìbùsùn wọlé. Owó tẹ́ ẹ máa san fún un kéré sí ti táìlì. Fún ọ̀rẹ́ mi, ìtì igi méjì ni wọ́n ní kó pààrọ̀. Ilé ìwẹ̀ nìkan ni wọ́n fi táìlì sí, lára ògiri tuntun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò kan ti àtijọ́, Màmá sì fara mọ́ ìyẹn. "Èmi náà fẹ́ ibi tí mo ti máa wẹ̀ bí èèyàn," ni wọ́n wí.

Lórí ọ̀rọ̀ fèrèsé, Màmá ló tọ̀nà pátápátá. Fèrèsé alumíníọ̀mù tí à ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdajì rẹ̀ ló lè ṣí, torí gíláàsì kan gbọ́dọ̀ sá sẹ́yìn èkejì. Ojú fèrèsé tó jẹ́ mítà 1.2 ní 1.8 fún yín ní ààyè tó lé díẹ̀ ní mítà méjì níbùú lóròó tó bá jẹ́ onípákó. Tẹ́ ẹ bá yí i sí alumíníọ̀mù, ààyè afẹ́fẹ́ dín sí ìdajì. Àwọn pákó pẹlẹbẹ tó dà gẹ̀rẹ̀ lára fèrèsé àtijọ́ sì ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé nígbà tí òjò ń rọ̀ tàbí tí ilẹ̀ ti ṣú tẹ́ ẹ ti tìlẹ̀kùn. Àjà gíga wà níbẹ̀ fún iṣẹ́: afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, á gòkè kúrò lórí yín, á gba ihò tó wà lókè ilẹ̀kùn jáde, èyí tó tutù á gba ìsàlẹ̀ wọlé. Ẹ wá fi POP rẹ àjà sílẹ̀, ẹ dí ihò òkè, ẹ gé fèrèsé sí ìdajì, kẹ́ ẹ wá máa ra epo sí jẹnẹrétọ̀ nítorí éésì. Ojú lásán ni ẹwà yẹn jàre.

Gíláàsì aláwọ̀ náà ní ìtàn tirẹ̀. Kóbáàtì ló ń mú un jẹ́ búlúù, irin ń sọ ọ́ di àwọ̀ ewé, bàbà tàbí wúrà lè sọ ọ́ di pupa. Ẹ ó sì gbọ́ tí wọ́n á ní gíláàsì àtijọ́ nípọn nísàlẹ̀ torí ó ń ṣàn díẹ̀díẹ̀ bí oyin. Irọ́ ni. Gíláàsì kì í ṣàn ní ìwọ̀n ooru ilé wa, kò tó ẹgbẹ̀rún ọdún, kò tó mílíọ̀nù. Bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu fẹ́ ẹ láyé àtijọ́ ni kò jẹ́ kó dọ́gba.

Ọ̀dà ara fèrèsé ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Láyé ìgbà yẹn, òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà. Tí káfíńtà bá fi sáńpépà gbígbẹ ha á, eruku òjé á fò ká gbogbo ilé, ọmọdé á sì máa gbé e wọ ẹnu. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu. Ní Zamfara ní 2010, òjé látinú iṣẹ́ ìwakùsà wúrà pa ọmọdé tó lé ní 400. Ẹ rin ọ̀dà náà kẹ́ ẹ tó ha á, ẹ kó àwọn ọmọ kúrò nílé, ẹ má fi iná jó o, ẹ má sì gbá a pẹ̀lú ìgbálẹ̀ gbígbẹ. Àkísà tó rin ni kẹ́ ẹ fi nù ún.

Ẹni tó bá ní ìjọba ló máa dá ilé wọ̀nyí sí, kó lọ wo Tinubu. Ilé ìdílé Fernandez tó wà níbẹ̀, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Ìlọ́jọ̀ Bar, ti wà láti nǹkan bíi 1855. Ìjọba àpapọ̀ kéde rẹ̀ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ti Jaekel House nínú ọgbà rélùwéè ní Ẹ̀búté Mẹ́ta sàn díẹ̀: 1898 ni wọ́n kọ́ ọ, ó ti fẹ́ di àlàpà kí ẹgbẹ́ Legacy tó tún un ṣe, ẹ lè lọ wò ó dòní. Àwòrán àti ìwọ̀n ló ṣẹ́ kù nínú Ìlọ́jọ̀ báyìí, àwọn tó yà á sílẹ̀ nígbà tó ṣì dúró la sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó gbé òòlù nílé yín, ẹ ya fọ́tò. Ẹ ya gbogbo fèrèsé, gbogbo òdòdó, gbogbo igun àjà. Tí òdòdó mẹ́rin bá wà lórí ilẹ̀kùn tí mẹ́ta ti fọ́, ọ̀kan tó kù tó: wọ́n lè fi sílíkónì tàbí amọ̀ mú àwòkọ rẹ̀, kí wọ́n wá da láìmù sínú rẹ̀ láti bí àwọn yòókù. Èyí tó bá já bọ́, ẹ kó o sínú páálí, ẹ kọ ibi tó ti já bọ́ sí i lára. Ẹ gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó náà kẹ́ ẹ tó tẹ fóònù, kí ẹni tó máa tún un mọ lè mọ bó ṣe tóbi tó.